Ilé-ẹ̀kọ́ tó kọjú sí ìlà-oòrùn

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lórí ilẹ̀ àwọn Diné, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Navajo, ní Arizona. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ hogan, ilé ìbílẹ̀ wọn, apá ọ̀tún ni mo yà sí. Ìyá àgbà kan rọra di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ó ní, "Apá òsì, ọmọ mi." Ó ṣe mí bákan. Ọmọ Yorùbá ni mí, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Àṣé bí oòrùn ṣe ń rìn ni wọ́n ń rìn nínú ilé: láti ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n á gba gúúsù, ìwọ̀-oòrùn àti àríwá kí wọ́n tó padà síbẹ̀.

Ìgbà tí mo dé Tsaile ni mo rí i pé wọ́n ti kọ́ hogan sínú ilé ìwé gíga. Diné College wà níbẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ tí wọ́n sì ń darí fúnra wọn. Ọdún 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó kó wá sí Tsaile lọ́dún 1973. Ilé tí wọ́n fi orúkọ Ned Hatathli pè jẹ́ alájà mẹ́fà, onígíláàsì, hogan ni wọ́n wò kọ́ ọ. Mo dúró níwájú rẹ̀ láàárọ̀ títí oòrùn fi tàn sára gíláàsì, omi bọ́ lójú mi.

Lọ́dún 1879, nígbà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ Carlisle sílẹ̀ ní Pennsylvania fún ọmọ àwọn onílẹ̀, bárékè àtijọ́ àwọn sójà ni wọ́n kó àwọn ọmọ náà sí. Wọ́n gé irun wọn, wọ́n yí orúkọ wọn padà, wọ́n ka èdè wọn léèwọ̀. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀kan ni wọ́n mú ìyá àgbà yẹn lọ ní kékeré, ọṣẹ ni wọ́n fi fọ ẹnu rẹ̀ nítorí ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Mo bi í bí ilé náà ṣe rí. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Kọ́rídọ̀ gígùn. Mi ò mọ ibi tí oòrùn ti ń yọ."

Oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rántí pátákó tí wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn ní pírámárì nítorí pé mo sọ Yorùbá, mo rántí kíláàsì tí wọ́n tò gbọọrọ bí ọkọ̀ ojú irin. Agbo ilé wa kò jìnnà síbẹ̀ rárá, àgbàlá láàárín, gbogbo yàrá ń wojú ara wọn. Mo dàgbà pẹ̀lú èrò pé kò sí ẹ̀kọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ìyá bàbá mi ti fi ọmọ ayò kọ́ mi ní ìṣirò tí mo fi ń jẹun lónìí.

Àríwá ni ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi kọjú sí, mi ò sì lè yí ilé padà. Mo to àga àwọn ọmọ yípo. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọbìnrin kan wọlé, ó wo àwọn àga náà, ó yà sí òsì, ó yí i po tán kó tó jókòó. Èyí tó tẹ̀lé e náà yà sí òsì.