Orúkọ Ẹgbẹ́ Kò Darúgbó

Ní ọdún kẹta tí mo dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú mi lọ wo ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ti fẹ́ràn láti ìgbà èwe wọn. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún onírun gígùn ni ó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n nígbà tí iná tàn sórí ìtàgé, onílù nìkan ni mo rí tí ojú rẹ̀ jọ ti inú àwòrán, òun náà kò sì lù ju orin mẹ́ta lọ kí ó tó fi ọ̀pá ìlù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo bi bàbá náà bóyá inú kò bí wọn. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ kí àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń bá orin lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọpinpin ọ̀rọ̀ yìí. Dúkìá ni orúkọ ẹgbẹ́, bí ilé àti ilẹ̀. Ẹni tí òfin bá kà sí oní-nǹkan ni ó lè gbé e rìn. Andy Powell àti Martin Turner jọ wà níbẹ̀ nígbà tí a dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Wishbone Ash sílẹ̀ ní 1969, síbẹ̀ ní 2013 ilé-ẹjọ́ dá Powell láre, Turner kò sì lè fi orúkọ náà ṣeré mọ́. Nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí ń jẹ́ Yes, kò sí olùdásílẹ̀ kankan láti ìgbà tí Chris Squire ti kú ní 2015.

Ti Lynyrd Skynyrd, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó yí mi lérò padà. Ronnie Van Zant, akọrin wọn, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní 1977, kò sì tíì pé ọdún márùn-ún nígbà náà tí àwo orin ńlá wọn àkọ́kọ́ jáde. Johnny àbúrò rẹ̀ gba ipò náà ní 1987, òun ni ó sì ń kọrin nígbà tí Gary Rossington, ẹni tí ó kẹ́yìn nínú àwọn olùdásílẹ̀, kú ní 2023, tí ẹgbẹ́ náà kò sì dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó ti kọrin fún ohun tí ó ju ọdún 35 lọ, ṣé a ṣì lè pè é ní adelé?

Nítorí náà, n kò bínú sí àrọ́pò mọ́. Àwòrán ara pátákó yẹn ni mo ṣì ń bínú sí, nítorí ó ń ṣèlérí àwọn ènìyàn tí kò ní wá. (Arúgbó pàápàá ní ẹ̀tọ́ kí a ya àwòrán rẹ̀ bí ó ti rí.)

Ẹgbẹ́ náà tún padà wá ní ọdún tó kọjá, láìsí onílù yẹn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún ṣì wà lára pátákó. Bàbá náà ra tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn, mo sì fi owó ara mi ra tèmi, lẹ́yìn tí mo ti ka orúkọ àwọn tí yóò ṣeré tán.