Àtẹ́lẹwọ́ Òkú Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní mọ́ṣúárì, kò ní pẹ́ tí etí yín á fi kún fún gbólóhùn yìí: “Dókítà, wọ́n fún un ní nǹkan jẹ ni.” Kí ẹ tó wọ ìbọ̀wọ́, ẹbí òkú á ti dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ó lè jẹ́ orogún, ó lè jẹ́ àbúrò tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀. Ìfófòó ẹnu òkú sì ni ẹ̀rí wọn.

Òkú àkọ́kọ́ tí mo dá là, èmi náà gba ìfófòó gbọ́. Ọkùnrin ẹni bí ọdún 45 ni, ó ṣubú ní balùwẹ̀ láàárọ̀, ó sì ti kú kí wọ́n tó gbé e dé. Wọ́n ní ìyàwó kejì ló se oúnjẹ alẹ́. Mo ti fi báírò kọ “májèlé” sí etí ìwé kí n tó mú ọ̀bẹ. Ọ̀gá mi rí i, kò bá mi wí. Ó kàn ní kí n gbé ọkàn sórí ìwọ̀n. 580 gíráàmù! Ọkàn ọkùnrin tó ti dàgbà kì í sábà ju 350 lọ. Ògiri apá òsì rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀dọ̀fóró sì wúwo, omi ń ṣàn bí mo ṣe ń gé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú ni. Nígbà tí ọkàn ò lè fa ẹ̀jẹ̀ mọ́, omi kún ẹ̀dọ̀fóró, ó pò mọ́ èémí, ó hó jáde lẹ́nu. Sniper, oògùn apakòkòrò, náà ń mú ẹnu hó, lóòótọ́ (òun ni NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi í pa ara wọn). Ẹni tó kú sómi náà ń hó. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àgbàlagbà tó ń kú lójijì lọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣíwájú.

Àṣìṣe mi kejì dùn mí ju èyí lọ. Ọ̀dọ́kùnrin méjì sùn sí yàrá kan, jẹnẹrétọ̀ wà ní kọ́rídọ̀, ilẹ̀ mọ́ bá wọn ní òkú. Ìwé tí mo kà ní èéfín jẹnẹrétọ̀ máa ń sọ awọ òkú di pupa. Mo wo ẹ̀yìn wọn, mo wo itan, mi ò rí pupa kankan. Ta ni wọ́n yà sínú ìwé yẹn? Òyìnbó. Ọ̀gá mi ṣí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì yí ètè rẹ̀ padà: pupa fòò! Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, abẹ́ èékánná, inú ètè àti inú ìpéǹpéjú. Bákan náà lọgbẹ́ abẹ́ awọ dúdú: ó lè má hàn rárá títí ẹ ó fi là á.

Ẹ má sì fi pupa nìkan parí ẹjọ́, torí òkú tó ti pẹ́ nínú fíríìjì náà máa ń pọ́n díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lẹ ó fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan, kì í ṣe láti inú ọkàn. Carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀, máa ń lẹ̀ mọ́ hemoglobin, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó máa ń wà níbẹ̀ dè yín. Àfi tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì bá ti sáré gún òkú lábẹ́rẹ́ fọ́málìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú tètè jẹrà. Tí fọ́málìn bá ti wọlé, ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà ọtí tí ẹ bá rí níbẹ̀ lè jẹ́ ti abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n lórúkọ, ẹ máa kí wọn dáadáa, kí wọ́n lè pè yín kí wọ́n tó gún un.

Ìyàwó kejì ọkùnrin ọjọ́sí bá àwọn ẹbí wá gbọ́ èsì. Mo ṣàlàyé ọkàn náà fún wọn. Àwọn yòókù jáde, òun dúró, ojú rẹ̀ wà létí ìwé níbi tí mo ti fi báírò pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

“Dókítà, kí lẹ kọ síbí tẹ́ ẹ tún pa á rẹ́?”