Bí a ṣe ń sọ fún ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ara rẹ̀ ń rùn

Yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti àwọn mẹ́rin mìíràn ń jókòó sí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ọ́fíìsì kan lágbègbè Òkè-Fìà nílùú Òṣogbo níbí. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbẹ̀, mi ò sì tíì rí ọ̀rọ̀ tó le láti sọ láàárín òṣìṣẹ́ tó ọ̀rọ̀ òórùn. A lè jà nítorí owó àjọ, ká sì parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé ara rẹ̀ ń rùn, o ti kan ìyá tó bí i, o ti kan ilé tó ti jáde wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dákẹ́, tí a wá ń fi ojú àti imú sọ ohun tí ẹnu ò lè sọ.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa rẹ̀ ò pọ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo sọ ọ́, lójúkojú, níbi tí etí kẹta ò sí, kó tó di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òótọ́ ni, àmọ́ wọn ò ní ká pariwo rẹ̀ sétí gbogbo ará ilé.

Ọkùnrin kan wà lára wa tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n torí ó jù wá lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta bá dé, tí iná lọ, tí fáànù dúró, òórùn abíyá rẹ̀ á gba gbogbo yàrá. Ohun tí àwọn èèyàn wá ń ṣe sí i ṣì ń dùn mí dòní. Bó bá ti wọlé, ẹnì kan á dìde lọ ṣí fèrèsé. Òmíràn á fi ìborùn bo imú. Òmíràn á fín lọ́fínńdà yí àga ara rẹ̀ ká, bí ẹni pé ẹ̀fọn ló ń lé. Ó wá di ọjọ́ kan, ó dé, ó bá ọṣẹ àti roll-on nínú ọ̀rá dúdú lórí tábìlì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ pé òun lòun gbé e síbẹ̀. Ó wò ó, ó fi í sínú dúróà, kò sọ nǹkan kan. A máa ń pawó ra àkàrà àti ẹ̀kọ láàárọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò dá owó mọ́, kò sì bá wa jẹun mọ́.

Mo gbà pé ire ni ẹni tó gbé ọṣẹ yẹn síbẹ̀ ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọṣẹ náà sọ fún Ẹ̀gbọ́n ni pé gbogbo wa ti jókòó sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí a ò sì ka òun sí ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀. Ìtìjú ló gbà níbẹ̀. Òórùn náà ò kúrò.

Bàbá kan tó ń tọ́jú fáìlì, tó jẹ́ ẹgbẹ́ Ẹ̀gbọ́n, ló tún un ṣe. Ó dúró dìgbà tí iṣẹ́ parí, ó ní káwọn jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọláìyá lọ wọ mọ́tò. Ojú ọ̀nà ló ti sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ròyìn fún mi ohun tí bàbá náà sọ: “Ọ̀rẹ́ mi, má bínú. Tí òógùn bá ti mú ọ, abíyá rẹ máa ń rùn, mo sì mọ̀ pé ìwọ ò lè gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó rán mi. Tó bá jẹ́ èmi ni, ìwọ ni mo máa fẹ́ kó sọ fún mi.”

Ẹ wo bí bàbá yẹn ṣe ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ ló sọ ọ́, kì í ṣe àárọ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má bàa jókòó sínú ìtìjú láti òwúrọ̀ dalẹ́. Wọ́n jọ ń rìn, nítorí náà kò sí pé wọ́n ń wo ojú ara wọn kòrókòró. Ọkùnrin sọ fún ọkùnrin, ẹgbẹ́ sọ fún ẹgbẹ́. Kò ní “àwọn èèyàn ń sọ pé,” gbólóhùn kan tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó sọ ọ́ kiri dípò kó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó sì dá ohun tó ń rùn lórúkọ, abíyá, kò kàn sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó yíká yíká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ lórí WhatsApp láé. Ohùn pẹ̀lẹ́ kò sí nínú lẹ́tà, ẹni náà á sì máa tún un kà.

Ẹ̀gbọ́n ń wẹ̀ láràárọ̀ o. Àwa tí a ń fi ọwọ́ bo imú ti rò pé kì í wẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe é. Òógùn fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára awọ, pàápàá lábẹ́ abíyá, ló ń jẹ ohun tó wà nínú òógùn, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di òórùn. Aṣọ poliẹ́sítà máa ń di òórùn yẹn mú ju aṣọ òwú lọ, débi pé a lè fọ̀ ọ́ kó gbẹ, kí ooru ara tún jí òórùn náà dìde. Poliẹ́sítà ni ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní. Ládùúgbò wọn, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa omi kànga, bí iná ò bá sì sí, omi díẹ̀ ni gbogbo ilé á pín. Ó wá ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọ̀ ọ́. Ní oṣù òjò, inú yàrá ló ń sá aṣọ sí.

Bí o bá ti mọ ìdí, àtúnṣe kì í wọ́n. Kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú sí abíyá, kó gbẹ dáadáa kó tó wọṣọ. Kó fá irun ibẹ̀. Álọ́ọ̀mù (alum) tí wọ́n ń tà lọ́jà wà, a máa ń rẹ ẹ́ sómi, a ó sì fi pa abíyá lẹ́yìn ìwẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kó máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, torí omi díẹ̀ ló ń fọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n da àwọn ṣẹ́ẹ̀tì poliẹ́sítà nù, ó ń wọ àǹkárá àti aṣọ òwú. Lọ́fínńdà lórí òógùn àná kì í ṣiṣẹ́, àpapọ̀ méjèèjì tún máa ń burú sí i.

Bí ẹni náà bá jẹ́ ọ̀gá rẹ, tàbí ẹni tó lè bí ọ, má fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Wá ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kí o sì fi í sílẹ̀ fún un.

Èmi náà ti sọ irú rẹ̀ rí. Àgùnbánirọ̀ kan, ọmọbìnrin, wá sìnrú ìlú lọ́dọ̀ wa, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ó ń fi páàdì tó ti lò sílẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo pè é sẹ́yìn ilé, mo ní, “Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Páàdì tó wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́, kí ló dé?” Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n jù ú sí? Kò sí nǹkan ìdalẹ̀nù níbẹ̀.” Òótọ́ ló sọ. Àwa tó kù ń di tiwa sínú ọ̀rá, a ń gbé e lọ sílé, a ò sì sọ fún un. A pawó ra garawa olómorí, ọ̀rọ̀ tán. Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè ni mo máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn.

Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo wa, ètò ló ń tún un ṣe. Kò yẹ ká bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí omi kì í yọ, ẹ gbé korobá omi àti ike síbẹ̀, kí ẹni tó bá lo omi tán pọn òmíràn. Ọṣẹ náà, àwa la ń dáwó rà á. Ní 2014 tí Ebola wọ Nàìjíríà, àti ní 2020 tí Kòrónà dé, korobá tó ní ẹnu ẹ̀rọ nídìí wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì káàkiri, gbogbo èèyàn ń fọwọ́. Àrùn náà lọ, korobá náà lọ. Ó dùn mí gan-an, torí ọwọ́ tó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ náà ló ń bù lára àkàrà wa. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, títí dé àárín ìka, ó tó.

Oúnjẹ inú dúróà kò yẹ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Gààrí, ẹ̀pà, ègé ẹja yíyan tí ẹnì kan dì sínú bébà, ohun tó ń pe eku nìyẹn. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ eku kan báyìí ló ń gbé ibà Lassa wá, àrùn tí wọ́n fi ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno sọ lórúkọ ní 1969, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń pọ̀ jù. Nígbà tí a rí ìgbẹ́ eku lórí ìwé owó, a fẹnu kò pé ike tó ní ìdérí nìkan ni oúnjẹ lè wà nínú rẹ̀, kò sì sí oúnjẹ tó gbọ́dọ̀ sùn sí ọ́fíìsì.

Ẹnu rírùn ńkọ́? Bó bá jẹ́ ìgbà ààwẹ̀, fi í sílẹ̀. Itọ́ ló ń fọ ẹnu, ẹnu tó gbẹ á rùn, ẹni yòówù kó jẹ́. Bí kì í bá ṣe ààwẹ̀, má yára ní ẹni náà kì í fọ eyín. Àǹtí kan lọ́dọ̀ wa ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, ó tún ń fi orín fọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Eyín rẹ̀ kan ló jẹrà. Dókítà eyín ló yọ ọ́, òórùn náà sì lọ. Ẹ̀yìn ahọ́n náà máa ń rùn, èèyàn púpọ̀ kì í sì í fọ ibẹ̀. Bí òórùn ara ẹnì kan bá ṣàdédé yí padà, tàbí tí ìtọ̀ ń kán sí i lára, ilé ìwòsàn ló kàn. Sọ ọ́ fún un pẹ̀lú àánú, kí o sì gbà láti tẹ̀ lé e.

Ti ikọ́ ni mo fẹ́ fi kún un. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà máa ń wúkọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á sì fi ọwọ́ yẹn mú fáìlì. Mo sọ fún un pé kó máa wúkọ́ sínú ìgúnpá, ó gbà. Ṣùgbọ́n ikọ́ náà ò lọ, ó sì kọjá ọ̀sẹ̀ 2. Nígbà tó bá dà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ti tán, àyẹ̀wò ikọ́ ife ló kù. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀. Ẹ̀rù ń bà á, mo bá a lọ, mo jókòó tì í títí wọ́n fi gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Èsì jáde, kì í ṣe ikọ́ ife, wọ́n fún un ní oògùn mìíràn, ara rẹ̀ sì yá. Ká ní ikọ́ ife ni, gbogbo àwa tá a jọ ń jókòó sínú yàrá náà ni wọn ì bá ní ká wá ṣe àyẹ̀wò.