Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹni tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́

Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ẹ mọ ọmọ tí mò ń sọ. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ báyìí, á forí lé apẹ̀rẹ̀, á máa lù ú mọ́lẹ̀ lọ, á fẹ́ gba àárín èèyàn mẹ́ta kọjá, títí wọ́n á fi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á káwọ́ lérí. Kóòṣì á máa pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá: "Páàsì! Mo ní páàsì!" Àwọn òbí á ní ahun lọmọ náà.

Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, lórí pápá oníṣìmẹ́ńtì kan nínú ọgbà ilé ìwé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́tàlá ló sì pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Púpọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní ahun yìí, wọn kì í ṣe ahun rárá. Wọ́n ń ṣírò ni. Ọmọ náà mọ̀ pé tí òun bá ju bọ́ọ̀lù sí èyí tó wà lápá ọ̀tún, ó máa já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó wà lápá òsì ti sá sẹ́yìn ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí Micra lójú ọ̀nà tí Micra kì í gbà. Ta ni kó wá fún? Ìwàásù ò ràn án. Gbogbo wọn ló mọ "ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè". Wọ́n á kà á fún yín láìṣì, wọ́n á sì padà lọ há bọ́ọ̀lù mọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó yẹ kó gbà á.

Ẹ kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà 7 ni ti àwọn ọkùnrin àgbà, 6 ni ti obìnrin, 5 ni ti ọmọdé. Àmọ́ 7 nìkan lẹ máa bá ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa, èyí tó sì ti gbó, tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa gbá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án níka, ìka á wú, láti ọjọ́ náà lọ á máa yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀. Ọmọ tó ń yíjú kò lè gba nǹkan kan. Bí owó nọ́ńbà 5 ò bá sí, ẹ fi bọ́ọ̀lù fọ́lìbọ́ọ̀lù kọ́ wọn ní gbígbà. Kò sẹ́ni tó máa mú yín.

Mo máa ń ní kí wọ́n na ọwọ́ síwájú àyà, kí wọ́n ya ìka, kí ẹni tó ń jù ú lè rí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi á di olè. Màá dúró sẹ́yìn ọmọ tó fẹ́ gbà á. Tó bá dúró de bọ́ọ̀lù, màá na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, màá já a. Inú á bí i, á ní "Kóòṣì, ẹ̀ ń rẹ́ mi jẹ!" Màá tún já a. Nígbà tó bá yá, fúnra rẹ̀ ló máa fẹsẹ̀ méjì síwájú lọ pàdé rẹ̀, ọwọ́ mi ò sì ní tó o mọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn leré wá: mẹ́ta sí mẹ́ta, ìdajì pápá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Ẹ má rò pé èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí James Naismith dá eré yìí sílẹ̀ ní Springfield, Amẹ́ríkà, ní 1891, òfin mẹ́tàlá ló kọ, wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé ibi tí èèyàn bá ti gba bọ́ọ̀lù ló ti gbọ́dọ̀ jù ú. Páàsì ni gbogbo eré náà.

Gbogbo nǹkan á kọ́kọ́ dàrú. Wọ́n á kóra jọ síbì kan, wọ́n á máa pariwo "Èmi! Èmi!" Ẹ má fọn fèrè. Láìpẹ́, ọmọ kan, tí kì í sábà jẹ́ ẹni tó ga jù, á kúrò láàárín wọn lọ síbi tó ṣófo, bọ́ọ̀lù á sì bá a níbẹ̀. Ẹ dá eré dúró nígbà yẹn, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni wọ́n máa nàka sí. Ẹ ní rárá o, ẹ pe ẹni tó kúrò lójú kan jáde, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, kódà bí bọ́ọ̀lù ò bá wọlé. Bó bá mọ́ wọn lára, ẹ gbà wọ́n láyè láti lù ú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páàsì ẹ̀yìn ìdí tí wọ́n rí lórí YouTube, ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́hùn-ún.

Wọ́n fẹ́ràn kí n sọ̀rọ̀ Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1963, tó ti ṣe gọ́ọ̀lì nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kó tó gbá alápẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń tan èèyàn lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé lásìkò tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston Rockets, gba ife NBA, ìyẹn líìgì alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1994 àti 1995, bí èèyàn méjì bá sáré bò ó, ńṣe ló ń ju bọ́ọ̀lù síta fún àwọn tó dúró sẹ́yìn ìlà pọ́ńtì mẹ́ta. Bí méjì bá wà lórí ẹnì kan, ẹnì kan ti wà níbì kan tí wọn ò ṣọ́. Ìṣirò yìí yé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Àwọn ọmọbìnrin, D'Tigress, ikọ̀ alápẹ̀rẹ̀ obìnrin Nàìjíríà, ni mo ń fi hàn wọ́n lórí fóònù tí dátà bá wà. Ní Òlíńpíìkì Paris 2024, wọ́n na Ọsirélíà, wọ́n na Kánádà, wọ́n dé kọ́tà-fáínà, níbi tí ikọ̀ alápẹ̀rẹ̀ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, ò dé rí. Iṣẹ́ tí mo ń fún wọn ni pé kí wọ́n má wo bọ́ọ̀lù: kí kálukú mú ẹnì kan, kó máa wo ohun tó ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku àwọn òbí. Bàbá kan ń fún ọmọ rẹ̀ ní ₦500 lórí gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá wọ àwọ̀n. Kí ni kóòṣì fẹ́ fi bá ₦500 jà? Mo lọ bá wọn, mo kí wọn dáadáa, mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, páàsì tó bá di góòlù, ẹ máa sanwó ìyẹn náà."

Wọ́n wò mí títí. "Kóòṣì, kí n sanwó góòlù ọmọ ọlọ́mọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, iye kan náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ṣé a lè já owó páàsì sí ₦200. Ọmọ náà dé abẹ́ apẹ̀rẹ̀ lóun nìkan, kò sẹ́ni níwájú rẹ̀, ó tún ń wẹ̀yìn wá ẹni tó máa fún. Òun là ń bá yí lọ́wọ́ báyìí.