Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Ìwé Mi Láàrin Àwọn Ọmọ Àbújá

Nínú gbogbo ohun tí mo fọwọ́ kàn lọ́dún yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí: lílọ tí mò ń lọ sí àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá àti agbègbè rẹ̀ láti ka àwọn ìwé ọmọdé tí mo kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́, ìwé aláwòrán olójú ewé 32 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Ẹ sì mọ ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí: ta ló fẹ́ ka ìwé Yorùbá ní Kubwa, ní Nyanya, ní Bwari, níbi tí Gbagyi, Haúsá, Ìgbò, Tiv àti Yorùbá ti jọ ń gbé ojúlé kan náà? Ọdún yìí dá ìbéèrè yẹn lóhùn. Ó sì jẹ́ kí n pinnu pé láti ọdún tó ń bọ̀, n kò ní máa lọ sí ilé ìwé púpọ̀ mọ́. Díẹ̀ ni n ó máa lọ, n ó sì máa padà síbẹ̀ léraléra.

Kì í ṣe inú ilé ìwé ni ìpinnu yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹta títí wọ oṣù keje, àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní olú ìlú wà ní títì pa. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tó kéré jù lọ, náírà 70,000, tó ti di òfin láti oṣù keje ọdún 2024 ṣùgbọ́n tí kò tíì dé ọwọ́ wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń béèrè, mo sì wà lẹ́yìn wọn. Àmọ́ ẹ bá mi wo àdúgbò wa ní Kubwa ní gbogbo àsìkò yẹn: ọmọ tí òbí rẹ̀ rí owó ilé ìwé aládàáni san ń wọ yunifọ́ọ̀mù jáde láàárọ̀, ọmọ ojúlé kejì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó lọ. Àwọn kan ń kiri píọ̀ wọ́tà. Àwọn mìíràn ń gbé àbúrò pọ̀n títí ìyá wọn á fi ti ọjà dé.

Mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo kó ìwé jáde, mo ní kí ọmọ tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn máa bọ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n wá.

Bí ènìyàn bá lọ sí ilé ìwé, ẹ̀ẹ̀kan lá máa ń kàwé, àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́, a ó sì máa lọ. Lórí ẹní, àwọn ọmọ kan náà ló ń padà wá, ìwé kan náà ni wọ́n sì ń ní kí n tún kà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìtàn ni wọ́n gbọ́. Nígbà tí wọ́n tún gbọ́ ọ, àwòrán ni wọ́n ń wò, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí ohun tí ẹnu mi kò dárúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n ti ń gba ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ Gbagyi, tí ìyá rẹ̀ ń din kósáí (àkàrà wa náà ni) ní ìkóríta wa. Kò gbọ́ Yorùbá ju “ẹ káàárọ̀” lọ nígbà tó kọ́kọ́ wá. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ọmọ yìí ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lójú ewé, ó ń kà á sókè. Mo rò pé ó kàn há a sórí ni, pé àwòrán ló ń rán an létí. Mo fi ọwọ́ bo àwòrán. Ó ṣì ń kà á. Mo ṣí ìwé mìíràn tí a kò tíì jọ kà rí, ó gbá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mú lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi parí ìlà kan. N kò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Orí ẹní yẹn náà ni ìwé mi tó ń bọ̀ ti wá. Bí mo bá ní “Àlọ́ o!”, àwọn tó mọ̀ ọ́n á dáhùn “Àlọ̀!” Ọmọkùnrin Haúsá kan wá ní nílé tàwọn, “Ga ta, ga ta nan ku!” ni ìyá àgbà máa ń wí, “Ta zo mu ji ta” ni wọ́n sì máa ń dáhùn. Láti ìgbà náà la ti ń fi méjèèjì ṣí ìtàn. Nígbà tí mo pa ìtàn Ìjàpá dé ibi tó ti fẹ́ dá jẹ oúnjẹ tí gbogbo ẹranko jọ sè, ọmọ náà fò dìde: “Àǹtí, Gizo ló ṣe bẹ́ẹ̀!” Gizo ni aláǹtakùn inú ìtàn Haúsá, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, wọ̀bìà, tí orúkọ ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Ƙoƙi, bí Ìjàpá tiwa ṣe ní Yánníbo. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ta ló gbọ́n jù nínú wọn? Bí wọ́n bá pàdé nídìí àwo oúnjẹ kan ṣoṣo ńkọ́? Mo gbé bébà, mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Ọ̀kan ní Gizo á ní kí wọ́n bu oúnjẹ ẹni mẹ́rin fún òun, nítorí pé ẹsẹ̀ mẹ́jọ lòun fi rìn wá. Ọmọbìnrin Yorùbá kan ní rárá o, Ìjàpá á ní òun ni onílé, ibikíbi tí òun bá dúró sí, ilé òun ló wà níbẹ̀, onílé ló sì yẹ kó pín oúnjẹ. Ọpọlọ àwọn ọmọ yìí ló bí gbogbo ìtàn náà. Iṣẹ́ tèmi ni láti tò ó, kí n sì fi orin sí i. Ègbè orin náà kúrú, kí ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá náà lè gbà á:

Ta ni yóò pín in o?
Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ!
Ta ni yóò pín in o?
Onílé ẹ̀yìn!

Oṣù kẹta tí ilé ìwé tì yẹn náà, lọ́jọ́ 6, ni Màmá Mabel Segun papò dà lẹ́ni ọdún 95. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọ̀wé fún ọmọdé lórílẹ̀-èdè yìí, ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ la ń tọ̀. Ìlú Oǹdó ni wọ́n bí wọn sí ní 1930. Àwọn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ lítíréṣọ̀ ọmọdé ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1978, tí wọ́n sì dá ibùdó ìwádìí lórí ìwé ọmọdé sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1990. Ní 2007, àwọn àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akachi Adimora-Ezeigbo ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Nàìjíríà. Mo máa ń sọ ìtàn wọn fún àwọn ọmọ, ibi tí ojú wọn ti máa ń tàn jù ni ibi tí mo bá ti sọ pé òǹkọ̀wé yìí kan náà jẹ́ ògbóǹtarìgì agbá-tẹ́nìsì-orí-tábìlì. Ọmọ tó ń rò pé inú ìwé ni òǹkọ̀wé ń gbé á wá mọ̀ pé ènìyàn ni, tó ń sáré, tó ń làágùn.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé ní oṣù kẹsàn-án, mo gbé ohun tí mo rí lórí ẹní tọ àwọn ọ̀gá ilé ìwé lọ. Ẹ mọ bí ìbẹ̀wò òǹkọ̀wé ṣe máa ń rí: wọ́n á kó gbogbo ọmọ jọ sí gbàgede, wọ́n á ta báńà, wọ́n á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Àwọn kékeré ti ń tòògbé nínú oòrùn, àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ ohun tí mò ń wí. A ó ya fọ́tò. Ọmọ tí wọ́n fún lówó nílé á ra ìwé, èyí tí wọn kò fún á máa wo ọwọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Mo mọ iye wàhálà tí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ń ṣe, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní ìwé náà lọ́wọ́ kí n tó dé, tí kò sì ní í rí i lẹ́yìn tí mo bá lọ, àlejò ló rí, kò rí ìwé.

Mo wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba ẹ̀dà ìwé náà sínú kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí olùkọ́ ti máa kà á fún wọn. Kíláàsì kan ni n ó wọ̀, ìwé yẹn kò sì ní í bá mi padà sílé. Ilé ìwé kan ní kò ṣeé ṣe, pé ayẹyẹ ni àwọn òbí ń retí. Òmíràn, ilé ìwé ìjọba kan lápá Bwari, gbà lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì náà jẹ́ ọmọ Kábbà, ó sì fi ohùn Ọ̀kun rẹ̀ ka ìtàn mi tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ọmọ ń pe ọ̀rọ̀ kan bí ó ṣe ń pè é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kò bi mí léèrè ọjọ́ orí mi tàbí iye owó tí wọ́n ń san fún mi. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé: “Adìẹ tó wà ní ojú ewé 9, ibo ló lọ? Ìgbà tí wọ́n jẹun tán, a ò rí i mọ́. Ṣé wọ́n ti pa á jẹ ni?” Ọmọ tó ti gbé ìwé sùn nìkan ló lè béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìbéèrè náà lọ fún ayàwòrán. Nígbà tá a bá tún ìwé náà tẹ̀, adìẹ yóò wà lórí ògiri ní ojú ewé tó kẹ́yìn.

Mo mú bébà tí mo fi kọ ìwé náà lọ, èyí tí mo ti fa igi yánnayànna sí, kí wọ́n lè rí i pé a máa ń kọ ọ́, a máa ń pa á rẹ́, a sì máa ń tún un kọ. Lẹ́yìn náà a ṣe ìwé tiwọn: ẹ ká bébà A4 kan sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ṣí i, ẹ fi sísọ́ọ̀sì la àárín rẹ̀, ẹ tún un ká, ó di ìwé olójú ewé 8 láìlo gọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo padà lọ, olùkọ́ ti fi okùn so ìwé wọn kọ́ yí ká kíláàsì. Yorùbá wà níbẹ̀, Haúsá wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe wí, ya ilé ìyá àgbà rẹ̀ sí ojú ewé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, yàrá kan lójú ewé kan.

Mo tún lọ sí Kàdúná. Ó yẹ kó ti jẹ́ oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n reluwé Àbújá sí Kàdúná yẹ̀ kúrò lójú irin ní Asham lóṣù kẹjọ, a sì dúró títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí mo bá níbẹ̀ gbọ́ Haúsá bí ẹni mumi. Kí n tó jáde ní kíláàsì, wọ́n ti sọ ègbè orin Gizo di ti Haúsá.

Lọ́jọ́ 12 oṣù kọkànlá, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde níbí ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022, èyí tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Wọ́n ní agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, n kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an, wọ́n ṣe dáadáa. Mo mọ̀ pé Kubwa kì í ṣe Ifẹ̀, kò sí bí a ó ṣe mú èdè kan ṣoṣo fún kíláàsì tí èdè márùn-ún wà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni bí àwọn ènìyàn ṣe gbọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, olùkọ́ kan pè mí pé ṣé àwọn ṣì lè ka ìwé Yorùbá ní kíláàsì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èdè tí a ó fi kọ́ ìṣirò ni wọ́n ń sọ, kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ má gbọ́ ìtàn. Ọmọ alákàrà tó kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ mi kò gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ó kàn mọ̀wé kà sí i ni.

Ti owó ló kù. Òkè òkun ni bébà dídán tí a fi ń tẹ ìwé aláwòrán ti ń wá. Àwọn ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba kọ́ sí Jẹ́bà, Ìwópin àti Oku-Iboku kò fún wa ní irú rẹ̀, nítorí náà bí dọ́là bá ti gbéra ni ìwé ń gbéra. Ojú ewé 16 ni a máa ń rí nínú bébà ńlá kan tí a bá ká a, ìdí nìyẹn tí ìwé ọmọdé fi máa ń jẹ́ 32. Ìwé Gizo yóò jẹ́ 24, ìyẹn bébà ńlá kan àti ààbọ̀. Mo ti gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, ó sì dùn sí i, kí ilé ìwé ìjọba lè ní ẹ̀dà tó pọ̀ nínú kíláàsì kan. Ohun tí n kò ní gé ni àmì ohùn. Bí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé kò bá ní fọ́ńtì tó gbé e, atẹ̀wé àti èmi á jọ jókòó tì í títí gbogbo rẹ̀ á fi pé.

Ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́ta ìwé mi wà ní Ilé Ìkàwé Àpapọ̀, bí òfin ṣe ní kí gbogbo atẹ̀wéjáde ṣe. Láti 2006 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ilé tuntun wọn jáde ní àárín ìlú níbí, kò sì tíì parí. Ní oṣù kẹsàn-án, ìyàwó Ààrẹ, Ìyáàfin Olúrẹ̀mí Tinúbú, ní kí ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn ṣọjọ́ ìbí 65 dáwó fún un, owó náà sì lé ní bílíọ̀nù 20 náírà. Bó bá parí, mo fẹ́ kí wọ́n fi yàrá ńlá kan fún àwọn ọmọdé, kí wọ́n sì tẹ́ ẹní síbẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní, mò ń padà sí Bwari. Ilé ìwé kan ní Karu náà ti ránṣẹ́ pè mí, àwọn ọmọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi sì ní àwọn kò dáwọ́ dúró bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwé ti wọlé. Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́ kíláàsì kìíní sí ìkẹta níbikíbi láàrin Zuba àti Mararaba, tí ẹ sì fẹ́ kí n wá, ẹ kọ̀wé sí mi kí ọdún tuntun tó gbóná. Ìwé ni n ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èmi náà á tẹ̀lé e.