Ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ rò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́nà Chilkoot

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tí ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Chilkoot tí àwọn awawúrà gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Mo rìn ín láti Dyea ní Alaska dé adágún Bennett, máìlì 33. Báàgì ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni mo gbé, síbẹ̀ nígbà tí mo dé ibi tí òkè ti ga sókè gan-an, ńṣe ni mo ń fọwọ́ fẹsẹ̀ rá.

Ibẹ̀ ni ìyà àwọn èèyàn yẹn ti yé mi. Wọ́n rí wúrà ní Klondike, ní Yukon ní Kánádà, ní August 1896. Ìròyìn rẹ̀ dé Seattle ní July 1897, bí nǹkan bí 100,000 èèyàn ṣe gbéra nìyẹn. Oúnjẹ wọ́n ní Dawson, ìlú tó wà nítòsí wúrà náà, làwọn ọlọ́pàá Kánádà bá dúró sórí òkè: ẹni tí kò bá ní oúnjẹ ọdún kan lọ́wọ́, kó padà. Pẹ̀lú irinṣẹ́, ẹrù ẹnì kan tó tọ́ọ̀nù kan, bí àpò sìmẹ́ǹtì méjìdínlógún. Ta ló fẹ́ gbé e lẹ́ẹ̀kan? Wọn á gbé díẹ̀ gòkè, wọn á sọ ọ́ sórí yìnyín, wọn á tún sọ̀ kalẹ̀ wá gbé òmíràn. Ọ̀pọ̀ wọn lọ tó ìgbà 30. Àwọn olówó háyà àwọn Tlingit, onílẹ̀ ibẹ̀, láti bá wọn rù ú, àwọn yẹn ò sì gbowó kékeré. Ó tọ́ sí wọn.

Àwọn tó ní ẹṣin gba White Pass, ọ̀nà òkè mìíràn tó wà nítòsí, ẹṣin bíi 3,000 ló kú síbẹ̀. Ní April 3, 1898, yìnyín ya lulẹ̀ ní Chilkoot, ó pa èèyàn tó lé ní 60.

Bennett ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n tún ní láti la igi, kí wọ́n fi kan ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé wọn dé Dawson. Ẹnì kan á dúró lórí, ìkejì á wà nísàlẹ̀, wọ́n á jọ máa fa ayùn gígùn. Lẹ́búlẹ́bú pákó á máa dà sójú ẹni ìsàlẹ̀. Ẹni òkè á ní ìkejì òun ń ṣọ̀lẹ, ẹni ìsàlẹ̀ á ní ti òkè ò tọ ìlà. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ru ẹrù gòkè láìjà, ìdí ayùn ni wọ́n ti tú ká. Torí náà, ẹni tí ẹ bá fẹ́ bá rìn, ẹ bá a ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn nílé ná.

Kí wọ́n tó wọ Dawson ní June 1898, àwọn tó wà nítòsí ti gba àwọn odò tó ní wúrà. Òmíràn ta ẹrù tó fi ẹ̀yìn rù, kó lè rówó ọkọ̀ padà sílé.

Ẹ tètè gba ìwé àṣẹ ìrìn, ẹ mú aṣọ òjò tó dáa. Agolo tó dípàtà àti àtẹ́lẹ̀ bàtà àwọn awawúrà tí ẹ bá rí nílẹ̀, ẹ má mú un o, òfin ò gbà á.