Ajá tí mò ń ka èémí ẹ̀ lóru

Obìnrin tó mú mi wọ ibi tí wọ́n ń kó àwọn ajá tí olówó wọn kọ̀ sílẹ̀ sí yẹn ò purọ́ fún mi rárá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ó ní ajá yìí á ti tó ọmọ ọdún 9, kò wọ̀n ju kílò 8 lọ, ọkàn ẹ̀ ò dáa, oògùn ló ń gbé e ró, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ó ní kí n fọwọ́ kan igbáàyà ẹ̀ lápá òsì. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi bíi fóònù tí wọ́n pa ohùn ẹ̀ tẹ́nì kan wá ń pè. Àwọn dókítà ẹranko máa ń fún irú ariwo ọkàn bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà, láti 1 dé 6, tó bá ti dé 5 ọwọ́ lásán á mọ̀ ọ́n. Tiẹ̀ ti wà ní 5.

Mo mú un lọ sílé. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ọdún kẹrin mi nílùú òkèèrè nìyẹn, èmi nìkan ni mò ń gbé, ṣíìfù alẹ́ ni mò ń ṣe, mo lè wà láti Fúráìdè dé Mọ́ńdè kí n má la ẹnu sọ Yorùbá àfi tí fóònù bá dún. Ajá náà ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ èdè tiwọn náà ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ létí, torí náà Yorùbá ni mo ń bá a sọ, kò sì ju oṣù méjì lọ tó fi mọ "wá" àti "ó tó" àti "jókòó jàre".

Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́, torí bó ṣe ń rìn. JJ ni wọ́n kọ sínú fáìlì ẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi wọ́n sílẹ̀. (Tèmi gan-an, wọn ò tíì pè é dáadáa rí.)

Bí dókítà ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ni pé ilẹ̀kùn kékeré kan wà nínú ọkàn lápá òsì tó yẹ kó máa pa dé tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa padà sẹ́yìn, àwọn ajá kékeré tó bá ti ń dàgbà ló sì wọ́pọ̀ lára wọn kó nípọn, kó káko, kó wá máa jò. Ọkàn á máa ṣe iṣẹ́ àṣejù, á tóbi, tó bá yá omi á máa jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn ò lè tún ilẹ̀kùn yẹn ṣe. Pimobendan ń ran ọkàn lọ́wọ́ kó lè máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, nǹkan bíi wákàtí kan kó tó jẹun. Furosemide ń fa omi jáde, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa tọ̀ bí ẹni tó gbé kànga mì, a ti dúró síta láago mẹ́ta òru nínú òjò rí, èmi àti ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tó ń gba ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀ yẹn náà ló ń da kíndìnrín láàmú.

Tí mo bá fi hóró oògùn pamọ́ sínú ẹran, ó máa jẹ ẹran tán, á wá rọra tu oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, gbẹrẹfu, bí ẹni tó ń dá ṣéńjì padà fún mi.

Ohun tí dókítà tẹnu mọ́ jù ni pé kí n máa ka èémí ẹ̀ tó bá ti sùn. Ka ìṣẹ́jú àáyá 30, sọ ọ́ di méjì, kò gbọdọ̀ ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Mo ra ìwé kékeré kan fún un. 22. 24. 19. Màámi kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù, wọ́n ní ajá wo ló ń lo oògùn ju àwọn lọ, ìgbà tó yá tí mo bá ti kí wọn tán ohun tí wọ́n máa bi mí ni "Mélòó lánàá?"

Oṣù kẹrìnlá ló di 34. Wọ́n fi kún oògùn ẹ̀, ó sun inú àpótí ọ́síjìn mọ́jú, wọ́n dá a padà fún mi, kíndìnrín wá ń kọṣẹ́. Nígbà tó di Sátidé kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ó máa ń jókòó ni, ó ya apá méjèèjì, ó na ọrùn síwájú, oorun á gbé e lọ, orí á já wálẹ̀, á ta jí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi itan mi rọ ọ́ lágbọ̀n. Nọ́ńbà tí mo kọ ni 52. Mo sọ fún ara mi pé kí ó di Mọ́ńdè, ká rí dókítà tiẹ̀ gangan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan wà tó ń ṣí lópin ọ̀sẹ̀ mo sì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, èmi ni mo fẹ́ ọjọ́ méjì yẹn, kì í ṣe òun.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ajá lọ láìjẹ̀rora. Àkọ́kọ́ mú un sùn, ó dùbúlẹ̀ fúnra ẹ̀, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Lẹ́yìn èkejì ojú ẹ̀ ò pa dé, ojú ajá kì í sábà pa dé, kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Dókítà gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí i, ó mi orí sí mi. Mo fọwọ́ mi síbi tí mo máa ń fi í sí lápá òsì. Fóònù yẹn ti dákẹ́.

Níbiṣẹ́, mo ní ara mi ò yá. Màámi pè lálẹ́.

"Mélòó lánàá?"

Mo ní, "Màámi, ó ti lọ."

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Wọ́n wá ní, "Ṣé o ti jẹun?"